Títo Ọrun Oníkẹ̀kẹ́ Kí Ọfà Lè Lọ Tààrà

Ọfà tó bá kúrò lójú ọsán tó ń jùdí kì í pẹ́ tú ẹni tó ta á fó. Ní mítà 10, ẹ lè má rí nǹkan kan, àpò ìrẹsì tí ẹ ki àkísà sí yóò gbà á mọ́ra bó ṣe wù kó wọlé. Ẹ sún sẹ́yìn dé mítà 50, kí ẹ wá wo bí ọfà mẹ́ta tí ẹ fi ọwọ́ kan náà ta ṣe máa forí lé ibi mẹ́ta. Mítà 50 yẹn sì ni àwọn tó ń fi ọrun oníkẹ̀kẹ́ díje lágbàáyé ti ń ta á, sójú àmì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, tí òbìrí máàkì 10 àárín rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ọfà tó ń jùdí kò lè máa wọ ibẹ̀ léraléra.

Àwa ará Kétu kì í ṣe àjèjì sídìí ọrun. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tó ni ọrun àti ọfà, ọba Kétu ni wọ́n ṣì ń pè é ní Brazil dòní olónìí. Ṣùgbọ́n ọrun oníkẹ̀kẹ́, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní arc à poulies, kì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá wa gbé wọgbó. Ará Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Missouri, ló ronú kàn án, ọdún 1969 ni wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ọrun onígi, tí igi rẹ̀ bá gún tí ọsán rẹ̀ sì le, ó parí. Èyí ní kẹ̀kẹ́ lókè, ó ní kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, ó ní wáyà tó so wọ́n pọ̀, ó ní bóòtù níbi gbogbo, èyíkéyìí nínú wọn sì lè yẹ̀ díẹ̀ kí ọfà má lọ síbi tí ojú ń wò mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ ni ètò tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti rí i pé ọfà òun ń yà sápá kan, bóòtù tó máa kọ́kọ́ yí ni ti ìjókòó ọfà, ìyẹn apá kékeré tí ọfà ń gùn lé kó tó jáde. Bóòtù yẹn ló yẹ kó kẹ́yìn. Ọsán àti kẹ̀kẹ́ ló ṣíwájú, ọfà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọwọ́ yín, kó tó wá kan ìjókòó ọfà.

Ohun tí ẹ máa lò

Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní clé Allen. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ọ̀pọ̀ ọrun tó ti Amẹ́ríkà wá ni bóòtù wọn jẹ́ ti íǹṣì, kọ́kọ́rọ́ mẹkáníìkì alùpùpù wa sì jẹ́ ti mìlímítà. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu ló burú jù, torí ó máa yí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta ó ti jẹ orí bóòtù náà tán. Bí ẹnì kan bá ń bá yín ra ọrun bọ̀ láti òkè òkun, ẹ ní kó ra àpapọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ tún nílò rúlà, pẹ́ńsù, tẹ́èpù, pọ́dà ìpara, pàálí ńlá kan, àti ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹ lọ bá bíríkìlà àdúgbò yín, kí ẹ yá okùn tí wọ́n so òjé mọ́, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán, àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n máa ń fi kọ́ okùn. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré yẹn máa ń rọ̀ mọ́ ara ọfà dáadáa, ó sì ṣe iṣẹ́ tí àwọn kan ń tìtorí rẹ̀ ra ohun èlò olówó ńlá.

Kí ẹ tó fa ọrun

Ẹ má ṣe fa ọrun kí ẹ sì tú u sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀ láé. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ ni yóò padà sínú apá ọrun. Apá lè ya, kẹ̀kẹ́ lè tẹ̀, ọsán lè já lu ojú èèyàn. Ọfà tó fúyẹ́ jù fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà: fún ọrun tí agbára ìfà rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 60, ìyẹn bí kílò 27, ọfà pẹ̀lú orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 20 lọ.

Ibi tí ẹ ó ti máa ta á gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn tó dí. Agbo-ilé tí ọmọdé àti ewúrẹ́ ń gbà kọjá kò ṣeé lò, bí ó ti wù kó rọrùn tó.

Ọsán àti kẹ̀kẹ́

Ọsán já, ọrun dọ̀pá: ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka tọ ọsán àti wáyà láti òkè délẹ̀. Tí ẹ bá rí fọ́nrán tó ti já, tàbí tí okùn tó wé ọsán láàárín ti tú débi pé ó ń yọ̀, ẹ dúró, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ to ọrun tí ọsán rẹ̀ ń yípo dúró síbì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn gígùn láti àárín irin tí kẹ̀kẹ́ òkè ń yí lórí rẹ̀ dé ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín ọsán àti ibi ìdìmú. Iye méjèèjì máa ń wà lára apá ọrun tàbí nínú ìwé tó bá a wá. Tí ohun tí ẹ wọ̀n bá fi mìlímítà bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ti ìwé, ọsán tàbí wáyà ti nà.

Kẹ̀kẹ́ wá ńkọ́? Ẹ fi ọfà sójú ọsán, ẹ dojú kọ àpò, ẹ fà á dé òpin, kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kì í ṣe iwájú, kó fi fóònù ya fídíò kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Lórí ọrun tó ní kámù méjì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí kò rí róbótó, kẹ̀kẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ìdúró wọn, ibi tí wọn ò ti lè yí mọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá dé ṣáájú èkejì, ìdí ọfà á máa gòkè tàbí kó máa relẹ̀ bí ọsán ti ń tì í lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ yí ìjókòó ọfà tó tí ìyẹn máa lọ. Yíyí wáyà lọ́pọ̀ tàbí títú u díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ apá ọrun nìkan ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e fún ajórin kó fi fáìsì bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ṣe fi okùn so ó kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tì í. Agbára tó wà nínú apá méjèèjì tó láti gé ìka. Ẹ jẹ́ kó dúró títí ẹ ó fi rí ẹni tó ní ẹ̀rọ náà.

Tí kẹ̀kẹ́ bá dọ́gba, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín sára kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí wáyà ti gba orí rẹ̀ kọjá nígbà tí ọrun wà ní ìsinmi. Ìlà yìí yóò wúlò fún yín lẹ́yìn náà.

Ọfà

Nọ́ńbà tí ẹ rí lára ọfà, 500, 400, 340, bí ara rẹ̀ ṣe le tó ló ń sọ, nọ́ńbà tó kéré ló sì le jù. Wọ́n á gbé ọfà lé orí ìdúró méjì tó fi íǹṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á so ìwúwo gíráàmù 880 kọ́ àárín rẹ̀. Èyí tó bá fi ìdajì íǹṣì tẹ̀ sísàlẹ̀ ni 500. Fún ọrun pọ́n-ùn 60 tí ìfà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 28, ìtòsí 400 ni ẹ ó bá ara yín. Orí ọfà tó wúwo ń mú kí ọfà hùwà bí èyí tó rọ̀. Gígé e kúrú ń mú un le. Fífi kún agbára ọrun ń mú un rọ̀. Ẹ lo ọfà tó jọra ní gígùn, ní ìwúwo, ní nọ́ńbà. Ọfà mẹ́ta tó jẹ́ oríṣi mẹ́ta kò lè sọ òtítọ́ kankan fún yín nípa ọrun.

Kí ẹ tó ta ọfà carbon kọ̀ọ̀kan, ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ gbọ́ ọ létí. Tó bá ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì kí ẹlòmíràn má bàa ṣèèṣì mú un. Ọfà carbon tó fọ́ lójú ọsán máa ń gún ọwọ́ tó di ọrun mú.

Ibi tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ fi okùn gbé ọrun kọ́ sára ìṣó, kí okùn olójé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é títí ọsán yóò fi bá okùn olójé dọ́gba. Ẹ wá fi ọfà sínú òjóbó kékeré tó wà lára ọsán, kí ẹ gbé e lé ìjókòó rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà kọ́ ara rẹ̀. Ọfà gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí kí ìdí rẹ̀ ga díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ wò ó, ọfà gbọ́dọ̀ gba ọ̀gangan àárín ihò bóòtù tó de ìjókòó rẹ̀ mọ́ ara ọrun.

Fún ti ọ̀tún òun òsì, ẹ wọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ ọrun dé àárín ọfà. Lórí ọ̀pọ̀ ọrun, mìlímítà 19 sí 21 ni ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Tí ìwé ọrun yín bá sọ iye mìíràn, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìwé ìròyìn

Ibí ni iṣẹ́ ti dùn jù. Ẹ gé fèrèsé sí àárín pàálí, kí ó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn kan, ẹ fi tẹ́èpù lẹ ìwé náà mọ́ ọn kó nà le. Ìwé tó dẹ̀ máa ń ya jákujàku, kò sì ṣeé kà. Ẹ gbé pàálí náà dúró kí àárín rẹ̀ bá èjìká yín dọ́gba, kí àpò àkísà wà lẹ́yìn rẹ̀ ní mítà kan àti ààbọ̀, ó kéré tán, kí ìdí ọfà lè la ìwé kọjá pátápátá kí orí rẹ̀ tó kan àpò. Ẹ dúró ní mítà méjì sí ìwé, ẹ ta á tààrà, kì í ṣe sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀.

Ẹ wá súnmọ́ ìwé, kí ẹ wò ó. Orí ọfà á dá ihò róbótó, ìyẹ́ á fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀. Tí ìlà mẹ́ta náà bá yí ihò ká bákan náà, ọfà lọ tààrà. Tí ìyẹ́ bá la ìwé sókè ihò, ìdí ọfà ga nígbà tó ń kọjá. Tó bá la á sí ọ̀tún, ìdí rẹ̀ ti fì sọ́tùn-ún. Ẹ ta mẹ́ta kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ya oríṣiríṣi, ẹ má fọwọ́ kan ọrun, torí kò sí ohun tí ọrun ń sọ fún yín síbẹ̀.

Òkè òun ìsàlẹ̀ rọrùn. Ìdí ga: ẹ gbé ìjókòó ọfà sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ sọ òjóbó kalẹ̀. Ìdí relẹ̀: ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀. Mìlímítà kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún ta mẹ́ta. Tí ìdí bá ṣì ń ga lẹ́yìn tí ẹ ti sún un lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ fura sí i pé ìdí ọfà ń gbá ìjókòó rẹ̀ tó sì ń ta sókè. Ẹ fi pọ́dà wọ́n ìjókòó ọfà àti ìyẹ́, ẹ ta ẹyọ kan, ẹ wo ibi tí pọ́dà ti ṣí. Bí ìyẹ́ bá ń kan nǹkan, ẹ yí ìdí ọfà díẹ̀ kí ìyẹ́ lè gba àlàfo kọjá.

Ọ̀tún òun òsì ló ń fa wàhálà, ọwọ́ tó di ọrun mú ló sì máa ń fà á ju ohunkóhun lọ. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọkọ́, a kì í rún un mọ́ ọwọ́. Ẹ na apá, ẹ jẹ́ kí ibi ìdìmú jókòó sórí ẹran ìpìlẹ̀ àtàǹpàkò, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà sí ìlà gígùn tó la àtẹ́lẹwọ́ yín. Kókó ìka yín kò gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrun. Ẹ jẹ́ kó dagun, kí ìka rọ̀. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ọrun á jábọ́, ẹ so okùn ọrùn-ọwọ́ mọ́ ọn, kí ọkàn yín lè balẹ̀, kí ẹ má bàa fún un mọ́wọ́ nígbà tí ọfà ń jáde. Ẹni tó bá fún ọrun mọ́wọ́ ń yí i, ọrun tó yí ń yí ìjókòó ọfà, ìwé ìròyìn á sì ròyìn rẹ̀.

Ẹ wo ojú yín náà. Tí ẹ bá tẹ ọsán mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an, ẹ ti tì í sápá kan kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Ó yẹ kó kan ojú fẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ bá rí i pé ẹ gbọ́dọ̀ na ọrùn kí ẹ tó dé ihò ìyọjú tó wà lára ọsán, ìfà ọrun náà kò bá apá yín mu, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ di títúnṣe ṣáájú.

Lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dúró, tí ìwé sì ń ya sápá kan náà léraléra, ẹ lè wá fọwọ́ kan ìjókòó ọfà. Àwọn tafàtafà kì í fẹnu kò lórí ibi tó yẹ kí a sún un sí. Àwọn kan ní apá tí ìdí ọfà fì sí, àwọn mìíràn ní òdìkejì rẹ̀. Bí ara ọfà ṣe ń tẹ̀ ló fa àríyànjiyàn yẹn, torí ó lè yí àbájáde padà. Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ìdajì mìlímítà sún un sápá tí ìdí fì sí, kí ẹ ta mẹ́ta. Bí yíya ìwé náà bá dínkù, ẹ máa bá a lọ; bó bá gùn sí i, ẹ dá a padà, kí ẹ gba apá kejì. Tí ẹ bá sún un títí tó fi ju mìlímítà mẹ́ta lọ sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tí kò sì yí padà, ọfà yín ló rọ̀ jù tàbí ló le jù. Bó bá rọ̀ jù, ẹ dín agbára ọrun kù díẹ̀; bó bá le jù, ẹ fi kún un díẹ̀. Kí ẹ yí bóòtù apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní iye kan náà, kí ẹ sì tún un wò. Ẹ má yí i kọjá iye tí ìwé ọrun fàyè gbà.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ohun tí ẹ yí, iye tí ẹ yí i, bí ìwé ṣe ya. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí òjóbó tó sì tún sún ìjókòó ọfà kó tó ta, kò ní mọ èyí tó ṣe é lóore.

Nígbà tí ihò bá ti dára ní mítà méjì, ẹ tún un ta ní mítà mẹ́rin kó lè dá yín lójú.

Ọfà tí kò ní ìyẹ́

Ìyẹ́ máa ń bo àṣírí ọrun, torí ó ń tún ọfà ṣe lójú ọ̀nà. Ẹ bọ́ ìyẹ́ kúrò lára ọfà kan, kí ẹ fi tẹ́èpù díẹ̀ wé ibẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ má yàtọ̀ púpọ̀. Ní mítà 15, ẹ ta ọfà méjì tó ní ìyẹ́, kí ẹ sì ta èyí tí kò ní. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọfà aláìníyẹ̀ẹ́ lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ sún ìjókòó ọfà sí. Ó bọ́ sísàlẹ̀ àwọn yòókù, ẹ gbé ìjókòó sókè. Ó bọ́ sí òsì, ẹ sún un sọ́tùn-ún. Ìwọ̀nba tín-ín-rín ni o. Tí aláìníyẹ̀ẹ́ bá ti ń wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tí mo tún mọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ.

Mítà 20, 30, 40

Ẹ to àpò méjì léra wọn, ẹ fi okùn olójé ṣe òdiwọ̀n, kí ẹ lẹ tẹ́èpù funfun gígùn kan láti òkè délẹ̀. Ẹ fi àmì sí òkè tẹ́èpù. Pẹ̀lú ìfojúsùn, ìyẹn ohun tó wà lára ọrun tí ẹ fi ń wo àmì, tí ẹ ti fojú bù tò fún mítà 20, ẹ ta àmì yẹn láti mítà 20, láti 30, láti 40, kí ẹ má yí ìfojúsùn rárá. Ọfà á máa bọ́ sísàlẹ̀ bí ẹ ti ń jìnnà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní mítà 40 ó lè ju ìdajì mítà lọ, ìdí nìyí tí àpò fi gbọ́dọ̀ ga. Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá wọ́n tò sórí tẹ́èpù. Tí wọ́n bá ń yà sósì bí ẹ ti ń jìnnà, ẹ sún ìjókòó ọfà sọ́tùn-ún. Tí wọ́n bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹ sún un sósì. Ẹ má ṣe èyí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́. Àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ló dára jù.

Ìgbà tí èyí bá parí ni ẹ ó tó wá to ìfojúsùn dáadáa, ẹ ó sì máa sún un tẹ̀ lé ọfà: ọfà ń lọ sósì, ẹ sún ìfojúsùn sósì, ọfà ń lọ sókè, ẹ gbé e sókè.

Ooru

Ọrun tí ẹ bá fi sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa lójú oòrùn wa yìí, tàbí tí ẹ gbé kọ́ abẹ́ páànù tí kò ní àjà, ọsán àti wáyà rẹ̀ máa nà. Wọ́n lè má nà bákan náà, kẹ̀kẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìdúró wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ihò ìyọjú lè yí, kó má kọjú sí yín mọ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku pupa kúrò lára kẹ̀kẹ́ àti ọsán lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán, kí ẹ sì gbé ọrun síbi tó tutù nínú ilé. Nígbàkigbà tí ọfà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí láìnídìí, ìlà tí ẹ fi pẹ́ńsù fà sára kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí wáyà bá ti kúrò lórí ìlà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ-apá ni kí ẹ gbé ọrun lọ, kí ẹ fi ìjókòó ọfà sílẹ̀ bó ṣe wà.